Èmi Ni Táíwò Tó Ń Pe Màmá Láti Jámánì

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ẹ gbà mí o. Ìyá mi rò pé ọmọ wọn wà ní Jámánì. Kò sí ní Jámánì. Inú ilẹ̀ ló wà. Bọ́ǹbù ló pa á l'Ékòó, ọdún kẹta rẹ̀ ló ń bọ̀ yìí, láti ìgbà náà sì ni mo ti ń fi ohùn rẹ̀ bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Bébà tí mo ti ya dànù kí n tó lè kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí...

Ìbejì ni wá. N ò ní fi orúkọ tiwa pamọ́ torí kò sí ohun tí yóò tú níbẹ̀, àdúgbò wo ló wà n'Íbàdàn tí ò ní Táíwò àti Kẹ́hìndé? Èmi ni Kẹ́hìndé. Orúkọ àwọn yòókù ni mo yí padà. Fọ́tò ni mò ń yà, ṣọ́ọ̀bù mi wà l'Ágbowó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, lónìí passport, lọ́la matriculation, bí convocation bá dé a ò ní ráyè jẹun. Èmi àti Táíwò la jọ dá a sílẹ̀. Èmi ń yà, òun ń fọ̀ ọ́ nínú dark room. A jọra débi pé oníbàárà á bá mi ṣàdéhùn láàárọ̀, Táíwò ni yóò wá bá jà nírọ̀lẹ́, Táíwò náà á sì gba ìjà yẹn, á máa bẹ̀ ẹ́, á ṣe bí ẹni pé òun gan-an ló ṣẹ̀ ẹ́, nígbà tí oníbàárà bá lọ tán a ó wá máa rẹ́rìn-ín. Ohùn wa pàápàá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ àfi Màmá. Bí a bá sọ̀rọ̀ láti ìta, Màmá á dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, wọn kì í ṣì í. Wọ́n ní ohùn Táíwò máa ń sáré, pé tèmi máa ń dúró ronú lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ní kí Táíwò kọ́kọ́ jáde kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Láti kékeré ni Màmá ti ń sọ fún Táíwò pé ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn, iṣẹ́ tó bá rán ọ ni kí o jẹ́, èmi náà ò sì mọ̀ ju kí n máa rán an níṣẹ́ lọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, convocation ti dé tán, bébà tí a fi ń tẹ fọ́tò ti tán lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, gbogbo ojú èèyàn ló ń pọ́n lórí ẹ̀. Mo ní kí Táíwò lọ ra tuntun wá l'Ékòó. Ó ní kí n jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, torí Màmá wà ní ọsibítù nígbà yẹn, ó fẹ́ lọ wò wọ́n. Mo ní kó lọ kó sì yára dé, ṣebí Màmá ò ní sá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ó lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Challenge, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, torí tirẹ̀ ṣì wà lórí okùn, kò tíì gbẹ.

Ṣé ẹ rántí ayé ìgbà yẹn? Ayé sójà, bọ́ǹbù ń bú níbí, ó ń bú lọ́hùn-ún, ìjọba ní àwọn alátakò ló ń ṣe é, àwọn alátakò ní ìjọba ni, di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí a ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Èyí tó pa Táíwò, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de mọ́tò. Àwọn èèyàn lásán, ẹni tó gbé ẹrù, ẹni tó gbé ọmọ. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ padà sílé lọ́jọ́ yẹn, ó jẹun, ó sùn, bóyá òun náà ń ka ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú wa. Rédíò sọ ọ́ lọ́sàn-án, mo gbọ́ ọ. Mò ń gé passport fún ọmọbìnrin kan lọ́wọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú ìbejì, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. Irọ́ ni o. N ò mọ nǹkan kan. Ara mi ò bù máṣọ. Mo gé passport yẹn, ó gún régé, ọmọbìnrin yẹn sì dúpẹ́.

Bùọ̀dá Ràfíù, àkọ́bí Màmá, ni wọ́n wá a lọ sí Èkó. Wọ́n wá a láti ọsibítù dé ọsibítù. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó sórí àga tí mo máa ń ní kí oníbàárà jókòó lé, wọn ò wo ojú mi, ògiri ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ní, “Kẹ́hìndé, Táyé ṣì wà l'Ékòó o. Ó ní òun ń ṣòwò wá fún ọ.” Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá ti mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. A kì í la ẹnu sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú, kí ẹni tó kù má baà bá a lọ. Ibi yòówù kó kú sí, Èkó ni a máa ń sọ pé ó lọ. Tèmi wá le, torí Èkó ló lọ lóòótọ́, èmi ni mo sì rán an. Mo ní ẹ ẹ́n, mo ti gbọ́. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn lọ sí itẹ́ òkú, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Di òní, kò sí ẹ̀dá kan tó wo ojú mi tó sọ fún mi pé Táíwò kú. Èmi náà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìwé tí mò ń kọ sí yín yìí ni àkọ́kọ́.

Màmá ń kọ́? Ẹ̀wà ni Màmá ń tà ní ọjà Bódìjà kó tó di pé ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣubú sórí àpò ẹ̀wà, apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn rọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà nígbà tí a sin Táíwò. Dókítà ti kìlọ̀ pé BP wọn ò dáa rárá, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó lè já wọn láyà, pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ wọ́n lè má dìde mọ́. Ẹbí bá jókòó, wọ́n ní kí a rọra ná. Táíwò ti ń wá visa Jámánì kiri tipẹ́, Màmá mọ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ sí i. Bùọ̀dá Ràfíù bá sọ fún wọn pé visa ti jáde, pé ó bọ́ sí àkókò tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn, pé ó ní láti sáré wọ bàálù. Màmá sunkún ayọ̀ níwájú wa, wọ́n ń sọ Alhamdulilahi, Alhamdulilahi, ẹnu wọn ṣì wọ́ díẹ̀ nígbà yẹn, kò tètè já geere. Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni ara wọn ti ń yá. Ẹ ò rí ayé? Ikú ọmọ wọn la fi wò wọ́n sàn.

A ní bí ara wọn bá le tán a ó sọ ọ́. Ara wọn le, a ò sọ ọ́. Wọ́n ní kó di ẹ̀yìn Ààwẹ̀, ó di ẹ̀yìn Ààwẹ̀, wọ́n tún ní kó di ẹ̀yìn Iléyá... Kí a tó mọ̀, Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí ló dé tí Táíwò ò pe àwọn, ṣé òyìnbó ti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ni, wọn ò sì jẹun mọ́. Ní ilé tí à ń gbé ní Bódìjà, ìsàlẹ̀ ni àwa wà, bàbá onílé ń gbé lókè, ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, fóònù wà ní pálọ̀ wọn. Bùọ̀dá Ràfíù lọ bá wọn sọ ọ́ ní àṣírí, wọ́n gbà pé bí fóònù bá dún, àwọn á mú Màmá gòkè wá gbọ́ ọ. Bùọ̀dá bá ní kí n lọ sí business center, kí n fi ohùn Táíwò pe Màmá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Ọdún kẹta rèé.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é. Màá sọ fún Màmá pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, màá wọ taxi lọ sí Dùgbẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, business center kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì yí ibi tí èèyàn ti ń pè ká. Màá fi háńkáṣíìfù bo ẹnu fóònù. Bí Màmá bá sọ̀rọ̀ màá dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn, torí bí ti òkè òkun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé. Tí mo bá wá bẹ̀rẹ̀, màá sáré sọ ọ́ bíi ti Táíwò, màá fi ẹ̀rín rẹ̀ sí i, màá ní òtútù ń mú mi Màmá, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Òógùn á sì máa ṣàn ní ẹ̀yìn mi nínú gíláàsì yẹn. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ rò pé 419 ni mí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé bọ̀dá, ta lẹ̀ ń lù ní jìbìtì ná tí ẹ dúró sí Dùgbẹ̀ tí ẹ ní yìnyín ń já bọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un, pé ìyá mi ni?

Nígbà tó yá Màmá ní àwọn fẹ́ rí ojú Táíwò. Mo lọ ra kóòtù òkìríkà, mo gẹ irun mi bí Táíwò ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́, mo gbé kámẹ́rà ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ta aṣọ funfun sẹ́yìn, mo ya ara mi. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ wa, tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò á wọlé, Màmá á nawọ́ ọ̀pá sí i, wọ́n á ní èyí ni Kẹ́hìndé, èyí ni Táíwò ní Jámánì, ẹ wò ó bó ṣe funfun. Àlejò á ní lóòótọ́, omi ibẹ̀ mọ́. Èmi nìkan ló wà nínú fọ́tò méjèèjì.

Bó bá jẹ́ èmi àti Màmá nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu. Ìyàwó Táíwò ló ń pa lára. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múínà. Tíṣà ni, Apẹ̀tẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tí Táíwò bí, Rúkà, tí ò tíì máa rìn nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí a fojú ọmọbìnrin yìí rí. Ó ṣe opó bí ẹ̀sìn ṣe ní kó ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá di pé Màmá ránṣẹ́ sí i, á tọ́ tìróò, á kun ètè, á wé gèlè aláràbarà, á wá jókòó ti Màmá, á máa rẹ́rìn-ín. Màmá á ní ṣé ọkọ rẹ máa ń pè ọ́? Á ní ó pe òun lánàá, mà. Nígbà tó bá jáde, ẹ̀yìn ilé bàbá onílé, níbi táńkì omi, ló ti máa ń bọ́ gèlè yẹn. Mo bá a níbẹ̀ rí, tìróò ti ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, ó ní kí n má bínú, kí n jẹ́ kí òun sunkún díẹ̀ kí òun tó lọ wọkọ̀. Kí n má bínú! Èmi ni ó ń bẹ̀.

Ó ti wá rí ẹni tó fẹ́ ẹ báyìí, ará Iléṣà kan tó ń kọ́ni ní Poly, ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹbí mọ̀ sí i, Bùọ̀dá Ràfíù ti súre fún wọn. Màmá nìkan ni ò mọ̀ pé opó ni. Lójú Màmá, ìyàwó ilé ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù nítorí rẹ̀, òun ń wọ mọ́tò ọkùnrin kiri Apẹ̀tẹ̀. Ẹnì kan ló rí wọn tó lọ ròyìn fún Màmá ní ìsọ̀, torí Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n máa ń lọ jókòó ti ẹ̀wà wọn kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀. Lọ́jọ́ tí Múínà yà kí wọn, Màmá sọ ọ́ sí i lójú láàárín ọjà. Wọ́n pè é ní aṣẹ́wó. Wọ́n ní ṣé torí pé ọmọ àwọn ò sí nílé ni, wọ́n ní ojú àwọn kọ́ ni yóò ti jẹ iṣu ọkọ rẹ̀ kó tún máa ta èèpo rẹ̀ sí ìta. Àwọn ẹlẹ́wà ń wò, àwọn alábàárù dúró. Múínà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ó ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí ò dá. Ẹnì kan nínú ọjà ló wá sọ fún mi, Múínà ò sọ ọ́.

Lọ́dọọdún tí ọjọ́ náà bá ti pé, àlùfáà máa ń wá ṣàdúà fún Táíwò ní ilé Bùọ̀dá Ràfíù ní Ring Road. Gbogbo ẹbí ló máa ń wá, títí dé àwọn tó wà ní ìlú wa. Èmi kì í wọlé, torí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Táíwò ní olóògbé lójú mi, ìta ni mo máa ń jókòó sí, màá máa gbọ́ Àmín láti inú ilé, èmi náà á ní Àmín, n ò mọ èyí tí mò ń ṣe Àmín sí. Bí wọ́n bá parí, gbogbo wa á wá kí Màmá ní Bódìjà. Màmá bèèrè lọ́dún àkọ́kọ́ pé kí lẹ kóra yín jọ fún, a ní mítìn ẹbí ni. Láti ìgbà náà ọjọ́ yẹn ti di ọjọ́ tí Màmá fẹ́ràn jù. Wọ́n á ní kí wọ́n se ìrẹsì, wọ́n á pa adìẹ, wọ́n á máa fi ọ̀pá nà wá lẹ́sẹ̀ pé ẹ jẹun, ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ yìí ò jẹun. A máa ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù pa ọmọ wọn, ìrẹsì wọn la máa ń jẹ, àdúà la sì ti ń ṣe bọ̀.

Nígbà tí Màmá wá ń wá ọjọ́ tí gbogbo ẹbí máa pé láti dá ẹjọ́ Múínà, ọjọ́ wo ni kí wọ́n mú? Ọjọ́ tí gbogbo wa máa ń wá náà ni. Ọdún yìí, Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ló bọ́ sí. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ, Táíwò ni wọ́n ń sọ fún. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti pin lórí ìyàwó rẹ̀, pé obìnrin tó ń ṣe ìṣekúṣe ò lè tọ́ ọmọ àwọn, Rúkà gbọ́dọ̀ kúrò ní Apẹ̀tẹ̀ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n fún un, ni wọ́n bá dá mi dúró.

“Táíwò, ọjọ́ yẹn, tí oòrùn bá ti kan àtàrí, kí o pè. Iwájú ẹbí ni mo fẹ́ kí o ti fẹnu ara rẹ sọ fún ìyàwó rẹ pé kó kó ọmọ fún mi. Kẹ́hìndé á jókòó tì mí. Ohùn ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ gbọ́ pọ̀. Láti ìgbà tí o ti ń pè, Kẹ́hìndé ò sí nílé rí.”

Mo ní ẹ ẹ́n Màmá. Mo gbàgbé láti dúró kí n tó dáhùn. Mò ń gbọ́ èémí wọn, wọ́n wá ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ò gbádùn. Ó ń rù. Tí o bá ń kírun, kí o máa rántí ẹ̀ nínú àdúà.” Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ṣì jókòó sínú gíláàsì yẹn. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ló wá kanlẹ̀kùn, ó bu omi fún mi, lọ́jọ́ yẹn kò pè mí ní 419.

Mo délé, Màmá ti bo oúnjẹ mi sílẹ̀. Wọ́n ní àbúrò mi pè, pé bí mo bá tètè dé díẹ̀ sí i ni ǹ bá bá a, pé ó jọ pé ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni n ò ti sùn dáadáa. Ṣé Màmá mọ̀ ni? Ìyá tó ń mọ ohùn wa yàtọ̀ láti inú yàrá láìrí ojú wa, ṣé háńkáṣíìfù ló máa tàn wọ́n? Ẹ tún gbọ́ èyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, ohun tí Màmá bá rà fún ọ̀kan ni wọ́n máa ń rà fún èkejì, kò sí ìyá ìbejì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Táíwò lọ, wọn ò dáwọ́ dúró, aṣọ rẹ̀ wà nínú àpótí, wọ́n ní yóò wọ̀ ọ́ tó bá dé. Iléyá tó kọjá yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rán, tèmi. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní bóyá Táíwò ti sanra níbẹ̀, àwọn ò mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Mo gbà nígbà yẹn. Ní báyìí n ò mọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi Múínà ṣẹ̀sín ní ọjà? Ṣé wọ́n fẹ́ kí inú bí ẹnì kan nínú wa kó lè sọ ọ́ ni? Àbí wọn ò mọ nǹkan kan, èmi ni mò ń wá ibi tí ǹ bá sá sí? Bí mo bá ní wọ́n mọ̀, tí wọn ò mọ̀, tí mo sì sọ ọ́, tí ẹ̀jẹ̀ yẹn tún gbé wọn ńkọ́? Ṣé èmi tí mo rán Táíwò náà ni màá tún pa ìyá wa?

Mo sọ fún Bùọ̀dá Ràfíù. Wọ́n ní kí a ní láìnì ò gba, fóònù ò lọ. Mo ní Rúkà ńkọ́, Màmá ṣì máa gbà á. Wọ́n ní kí Múínà kúkú fi ọmọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, àgbàlagbà ni Màmá, kò ní pẹ́ títí. Ó dùn mí pé ẹ̀gbọ́n mi ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo gba Apẹ̀tẹ̀ lọ. Múínà ń wẹ Rúkà lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ mi tán, kò gbé orí sókè, ó ń fi kànhìnkànhìn nu ẹ̀yìn ọmọ. Ó ní, “Bọ̀dá mi, mo ti ṣe aṣẹ́wó fún Màmá, màá tún ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n gbé Rúkà kalẹ̀, màá la ẹnu mi.” Rúkà bá na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n gbé òun. Bàbá Jámánì ló máa ń pè mí, torí fọ́tò ara ògiri yẹn, a ti bá a wí títí kò jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó burú jù, torí ẹ ò mọ̀ mí. Kì í ṣe BP Màmá nìkan ni n ò ṣe fẹ́ sọ ọ́. Nínú gíláàsì yẹn ní Dùgbẹ̀, bí mo bá ti ń sáré sọ̀rọ̀ tí mo rẹ́rìn-ín, mo máa ń gbọ́ ọ. Òun ni. Kì í ṣe pé mò ń sín in jẹ, òun gan-an ni, ó wà níbẹ̀. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣeré, ìyá rẹ̀ ń gbàdúà fún un. Bí mo bá gbé fóònù kalẹ̀ ló tó máa ń lọ. Èmi tí wọn ò tíì sọ fún, ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún Màmá ni wọ́n máa sọ fún èmi náà. Ṣé ó yé yín bẹ́ẹ̀? Ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ pé mò ń dáàbò bo Màmá, Múínà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tètè tẹ̀ ẹ́ jáde kí ọjọ́ yẹn tó pé. Kí n má sì fi pamọ́ fún yín, bàbá onílé wa máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́, ojú ewé yín yìí ni Màmá fẹ́ràn jù, wọ́n á máa gba ẹni tó kọ̀wé nímọ̀ràn bí ẹni pé ó jókòó síwájú wọn. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ẹ̀yin náà ni mo kọ ọ́ sí. N ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti sin èèyàn rí, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sọ ọ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé? Ta ni kó sọ ọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò? Torí bí n ò bá ṣe nǹkan kan, Sátidé yẹn máa dé, ẹbí á ti àdúà dé, ìrẹsì á wà lórí iná, Múínà á kúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi á jókòó ti Màmá ní pálọ̀ bàbá onílé, gbogbo wa á máa wo fóònù. Kò ní dún. Mo mọ̀ pé kò ní dún, ṣebí èmi ni mo máa ń pè é. Ẹ̀rù tó wá ń bà mí jù ni pé èmi náà á máa retí rẹ̀. Nígbà tí Màmá bá kọjú sí mi tí wọ́n ní Kẹ́hìndé, àbúrò rẹ ò pè o, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?